Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Oge

"Oge ni," òpó náà wí.

Dókítà Lámídì tún tẹ ìdí okùn iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tàn. Okùn tín-ín-rín tó yẹ kó wọ inú iṣan kó sì fi ooru pa á dé, ó kàn ń rọ̀ dirodiro lọ́wọ́ ọkùnrin náà bí okùn bàtà ni.

"Ìbídùnní, tún un pè."

"Mo ti pè é, Dókítà. Etí yín náà gbọ́ èsì."

"Mo ní kí o tún un pè!"

Ìbídùnní gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òpó àmì tó dúró ní igun yàrá iṣẹ́ abẹ. Òun ni afàmìsí ilé ìwòsàn náà. Ní Òkè-Ìṣọ̀kan, dókítà tó mọṣẹ́ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ fi abẹ kan ẹnikẹ́ni, àfi bí afàmìsí bá kọ́kọ́ pe àmì àìsàn náà fún òpó, tí òpó sì gbà. Àpò ìlú ló ń sanwó iṣẹ́ abẹ gbogbo, òpó ló sì ń ṣọ́ ẹnu àpò. Àìsàn tí kò bá ní àmì, kò sí nìyẹn. Bó bá ń pa ọ́, ìwọ lo mọ̀.

"Iṣan ẹsẹ̀ òsì," ni Ìbídùnní wí ketekete. "Àìsàn ni mo pè é."

"Oge ni," òpó dá a lóhùn. "Òdiwọ̀n àárọ̀ yìí ní ẹ̀jẹ̀ ń gòkè geere, kò sí èyí tó ń padà sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ìlú kì í ṣe oge. Kí ẹni tó wà lórí ibùsùn máa lọ sílé."

Ẹni tó wà lórí ibùsùn gbé orí sókè. Ìyá Tàwà ni wọ́n ń pè é, òṣìṣẹ́ oko pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, oko tí wọ́n kọ́ ní àjà lé àjà, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ta ló ń ṣoge?" ó bèèrè. "Èmi? Èmi tí n kò lé tìróò láti ọjọ́ tí bàbá Tàwà ti kú? Ẹ wá wo ẹsẹ̀ tí wọ́n ní mo fi ń ṣoge o, ẹ̀yin èèyàn!"

Ẹsẹ̀ náà kò ṣe é wò lẹ́ẹ̀mejì. Láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀ ni iṣan ti wú, tó lọ́ mọ́ra wọn bí gbòǹgbò igi odán tó yọ lórí ilẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó ti le, ó ń dán. Báńdéèjì wà lókè ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí iṣan kan ti bẹ́ lánàá lórí àjà òkè pátápátá nínú oko pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí Ìyá Tàwà ti ń já tẹ̀tẹ̀. Kò dùn ún rárá. Omi tó ń tú ṣàà sí i lẹ́sẹ̀, ó rò pé ẹ̀rọ ìbomirin ló bẹ́, ó tilẹ̀ ti ń bú ẹni tó ń tún un ṣe. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí i pé ẹ̀jẹ̀ ara òun ni. Ọlọ́run ló ní kí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan wà nítòsí, tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ náà sókè.

"Òpó," Ìbídùnní ní, "ẹ̀jẹ̀ àná ńkọ́?"

"Ọgbẹ́ ni ti àná. Wọ́n ti dì í. Wọ́n ti pa àmì ọgbẹ́ dé."

"Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà òjò ló fi wọ̀ ọ́ bí òfin ṣe wí."

"Ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ kì í sọ oge di àìsàn."

Dókítà Lámídì fa Ìbídùnní lápá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Pe egbò," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Egbò wo, Dókítà? Kò ní egbò."

"Awọ tó dúdú yẹn, ṣé o rò pé yóò pẹ́ kó tó ṣí? Ìwọ kàn pè é ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ni. Egbò kò nílò òdiwọ̀n, òpó á gbà á lójú ẹsẹ̀. Ìbídùnní, bí iṣan yẹn bá tún bẹ́ lókè ọ̀hún, tí kò sẹ́ni nítòsí, kò ní dé ìsàlẹ̀ láàyè. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ìbídùnní gbọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀, òun ló ń ṣí ẹ̀rọ omi, òun ló ń gbé e wọkọ̀, òun ló fi ń ra gaàrí. Fọlárìn náà ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ àmì. Àánú aláìsàn kan ṣe Fọlárìn, ó pe egbò síbi tí kò sí egbò, òpó sì rí i. Ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kú. Kò rọ, kò sì dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn kan ní Òkè-Ìṣọ̀kan tó tún dá a mọ̀. Títí dòní, bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, yóò dúró níta bí àlejò títí ẹni tó ń kọjá yóò fi bá a ṣílẹ̀kùn. Ìbídùnní ti bá a ṣí i lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í lè wo ojú rẹ̀.

Ká parọ́ ká gba obìnrin yìí là, tàbí ká sọ òótọ́ ká wá sin ín. Irú ìṣòro wo rèé? Inú bí Ìbídùnní dé ibi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"N kò ní parọ́," ó ní. "N kò sì ní jẹ́ kó lọ sílé. Òpó! Mo dá ẹjọ́ yìí dúró."

"Mo gbọ́. Àyè wà fún ọ títí oòrùn yóò fi kàtàrí."

"Ìyá Tàwà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ń padà sí yàrá òdiwọ̀n."

"Ṣé wọ́n á tún wọ̀n mí ni? Àbí mo ti sanra sí i láàárín ìgbà yìí?"

Òfin ní ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa wọ yàrá òdiwọ̀n, nítorí ìhòòhò ènìyàn kì í ṣe ohun ìran. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ìyá Tàwà kò gbé e dáadáa lọ́jọ́ náà, kò sì sí bí yóò ṣe dá nìkan lọ láì ṣubú. Ìbídùnní gbá a mú lápá, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì sì wọlé. Yàrá kékeré ni, ó mọ́ tónítóní, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò ya àtẹ́lẹsẹ̀ méjì sí àárín ilẹ̀. Ìyá Tàwà lọ gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni ohùn kan wí látòkè.

Háà, ohùn yẹn! Ohùn àgbàlagbà ni, tó rinlẹ̀, tó rọra ń bọ̀, tó tún ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí obì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹ̀rọ náà dé láti òkè òkun, fèrè lásán ló ń fun. Àwọn ará ìlú yarí. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí fèrè máa pàṣẹ fún àwọn. Ni ìgbìmọ̀ ìlú bá ní kí wọ́n fún un ní ohùn bàbá arúgbó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè níyì létí aráyé. Ó sì níyì lóòótọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ni Ìyá Tàwà dáhùn. Ó kúnlẹ̀ gbì sórí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ́lò náà, ó ní "yéè" nígbà tí orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Kí Ìbídùnní tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún tirẹ̀ náà ti kanlẹ̀.

Iná búlúù kan fò kọjá lára wọn wéré.

"Ẹ̀jẹ̀ ń gòkè geere. Oge ni. Máa lọ, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

"Àmín o," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbídùnní fà á dìde. Bí obìnrin náà ṣe nàró báyìí, àwọn iṣan ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún lójú rẹ̀, wọ́n ń wú, wọ́n ń wú, títí wọ́n fi le gan-an. Ìbídùnní tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyá, kí lẹ ṣe nígbà tó kí yín?"

"Kí ni mo ṣe bí? Mo kí i padà."

"Báwo lẹ ṣe kí i?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé tìrẹ?"

"Yéè, orí mi o!" Ìbídùnní kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ ti kúnlẹ̀! Ìyá, ẹ kúnlẹ̀! Èmi náà kúnlẹ̀!"

"Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni? Ṣé ọkùnrin ni mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn tún bá a ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọkùnrin! Àwọn ọkùnrin máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ àmì iṣan, tí wọ́n máa ń kọ lórin títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ, ni pé ìdúró la fi ń wo iṣan. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá dúró, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ já bọ́ sísàlẹ̀, ilẹ̀kùn tó dára á sì sé e mọ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kò ní lè sé e, ẹ̀jẹ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀, á máa rọ́ jọ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó kúnlẹ̀ ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ti sùn, kí ló fẹ́ já bọ́? Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò ń jò kì í da omi inú rẹ̀ nù kó tó wò ó. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun gbà pé ẹni tó bá wà lórí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ́lò, ó ti dúró nìyẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mọ ìwúwo ènìyàn, kò mọ̀ bóyá orúnkún ló gbé e. Àwọn yẹn kò mọ irú ọmọ tí wọ́n ń bí sí Òkè-Ìṣọ̀kan.

Ó ṣàlàyé fún Ìyá Tàwà. Obìnrin náà mi orí, ó ní ó ti yé òun, kò le rárá, òun á dúró bí òpó. Wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé.

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Gbì!

"Ìyá!"

"Má bínú, ọmọ mi. Orúnkún ló lọ, kì í ṣe èmi."

Wọ́n tún jáde, wọ́n tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbídùnní di ìbàdí rẹ̀ mú tipátipá. Ohùn náà kí wọn, Ìyá Tàwà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà.

"Fi mí sílẹ̀! O fẹ́ kí n dúró gbọnrangandan níwájú àgbà, kí wọ́n máa ní ìyá mi ò kọ́ mi nílé?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá!"

"Ẹ̀rọ wo ló ń gbàdúrà fún èèyàn?" Ó já ara rẹ̀ gbà, ó kúnlẹ̀, iná búlúù kọjá, oge ni.

Ìbídùnní fara ti ògiri. Oòrùn ń gòkè níta. Ó mọ̀ pé kò sí àlàyé tó lè ṣí ohun tí ìyá ẹni ti fi pàṣán kọ́ni láti kékeré, òun náà tó mọ gbogbo rẹ̀ kò ṣáà mọ ìgbà tí òun kúnlẹ̀. Bí orúnkún yìí yóò bá kúrò nílẹ̀, ohun tó gbé e kanlẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ gbé e dìde. Ó gbójú sókè.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Ẹ̀rọ kì í parọ́, ó kàn húkọ́ díẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọ́n ti ṣe mí, ọmọ mi."

Ìyá Tàwà tó wà lórí ìkúnlẹ̀ rọra gbójú sókè.

"Ọdún mélòó?"

"Mọ́kànlá, ọmọ mi."

"Mọ́kànlá!" Igbe tó fi bọnu, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. "Àbíkẹ́yìn Tàwà jù ọ́ lọ! Ọmọ ọmọ mi jù ọ́ lọ, kò sì tíì lè dá fọ aṣọ iléèwé rẹ̀! Ìwọ yìí lò ń pè mí lọ́mọ? Ìwọ ni mò ń ba orúnkún mi jẹ́ fún láti àárọ̀? Ẹ gbà mí o! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohùn lo ní, o ò lọ́jọ́ orí!"

Ó dìde fúnra rẹ̀, láìfọwọ́ kan Ìbídùnní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí lórí àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ́lò, ó yọ àyà síta.

"Ó yá. Wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ."

Iná búlúù dé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò fò. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ láti itan, ó dúró lórí orúnkún, ó tún dúró lórí ojúgun.

"Ẹ̀jẹ̀ ń padà sẹ́yìn," ohùn náà wí. "Ó ń padà púpọ̀púpọ̀. Àìsàn ni."

Ìbídùnní fò sókè, ó gbá Ìyá Tàwà mọ́ra. Wọ́n padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ bí ẹni tó ti jagun borí. Wọ́n ti yára yọ̀ jù. Òpó ti ń dúró dè wọ́n.

"Òdiwọ̀n méjì lórí ẹsẹ̀ kan náà ti tako ara wọn," ó ní. "Òfin ní èyí tó bá ṣáájú ni àgbà. Oge ni."

Dókítà Lámídì fìdí jókòó sílẹ̀. "Àgbà, àgbà, àgbà! Àgbà ni yóò pa gbogbo wa tán nílùú yìí!"

"Ó ku ọ̀nà kan," Ìbídùnní ní. "Ìpè Gbogboogbò."

Dókítà tún dìde. "Má dán an wò, Ìbídùnní."

Òótọ́ ni dókítà sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ri òpó, ẹnì kan ò pe ìpè náà rí. Ẹni tó bá pè é, kì í ṣe ẹsẹ̀ kan ló ń gbèjà mọ́, ẹ̀rọ òdiwọ̀n fúnra rẹ̀ ló pè lẹ́jọ́. Bó bá jàre, gbogbo ẹjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dá ni wọn yóò tún yẹ̀ wò. Bó bá jẹ̀bi, ọwọ́ rẹ̀ á kú kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ìbídùnní rántí Fọlárìn níwájú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ó tún rántí àwọn ẹlòmíràn, àwọn aránṣọ, àwọn olùkọ́, onígbàjámọ̀ tó ń dúró látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo àwọn tí òun fúnra òun ti pè ní oge lórí òpó yìí, tí wọ́n ní "ẹ ṣé, afàmìsí," tí wọ́n sì tiro lọ sílé. Wọn ò ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan ju pé wọ́n kí àgbà lọ.

Ó gbé ọwọ́ lé òpó.

"Mo pe Ìpè Gbogboogbò. Ẹ̀rọ òdiwọ̀n ń ṣì wá wọ̀n. Gbogbo wa ló ń ṣì wọ̀n."

Òpó pọ́n fòò. "Mo gbọ́. Kí Alàgbà Ilé Àmì wá ṣẹlẹ́rìí."

Ilé Àmì, tó ń ṣàkóso òpó àti àwọn afàmìsí, kò jìnnà, ògiri ló pín in pẹ̀lú ilé ìwòsàn. Alàgbà Ṣówándé dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó ga, ó gbẹ, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀. Kì í ṣe òṣìkà. Ibi tó bá jókòó sí ni wọ́n ti ń gbé àpótí síwájú rẹ̀ kó lè gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé ọlá ló fi ń hàn. Ìbídùnní kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ lo ní ẹ̀rọ òdiwọ̀n ń ṣì wá wọ̀n?"

"Èmi ni, sà."

"O mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ rẹ bó bá jẹ́ pé ìwọ lo ṣìnà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí lo fẹ́ fi hàn mí?"

"N kò ní wí nǹkan kan, sà. Ẹ kàn wọlé kó wọ̀n yín, bí ẹ bá gbà kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí."

Alàgbà wo àwọn nọ́ọ̀sì tó ti kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ti wọ̀n mí rí," ó wí. "Oge ló ní mò ń ṣe." Ẹnì kan tẹ ẹ̀rín mọ́lẹ̀. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Oge tí kì í jẹ́ n sùn. Ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Ó wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ́lò. Ìbídùnní di ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, bí ẹni tó ń dágbére fún un.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. "Ṣé dáadáa lo jí?"

Yàtọ̀ sí ẹ̀rọ yìí, Alàgbà Ṣówándé kò rí ẹni pè é ní ọmọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Òun ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún kiri ìlú. Ṣùgbọ́n ara kò gbàgbé. Agbádá fẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó fẹ̀ lọ sósì, ọkùnrin ńlá náà sì nà gbalaja, àyà kan ilẹ̀, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà yẹ́lò.

"Dáadáa ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."

Iná búlúù fò kọjá. "Ẹ̀jẹ̀ ń gòkè geere. Oge ni. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Alàgbà wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò mira.

"Ìbídùnní," ó pè é nígbà tó yá.

"Sà."

"Ṣé ilẹ̀ ni mo wà yìí?"

"Ilẹ̀ lẹ wà, sà."

"Ìdúró la fi ń wo iṣan," Alàgbà rọra wí, ó ń rántí orin ìgbà èwe rẹ̀. Ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀, ó ń mì í lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo wa! Gbogbo ìlú! A fi ọwọ́ ara wa fún un lóhùn, a tún wá ń dọ̀bálẹ̀ fún un! Ẹ fà mí dìde, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fà mí dìde."

Wọ́n fà á dìde. Kò tilẹ̀ gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ó tiro lọ sídìí òpó, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìbídùnní.

"Èmi Ṣówándé, mo ṣẹlẹ́rìí. Ojú mi rí i, àyà mi kàn án. Òótọ́ ni ọmọ yìí pè."

Àwọ̀ pupa ara òpó ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ó di funfun. "Ìpè dúró," ó wí. "Gbogbo oge ẹ̀rọ òdiwọ̀n ti di ẹjọ́ tuntun. Afàmìsí, kí lo pe ẹsẹ̀ tó wà níwájú rẹ?"

"Àìsàn!" Ìbídùnní fi gbogbo ẹ̀mí pariwo rẹ̀.

"Àìsàn ni. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Okùn iná tó wà lórí tábìlì tàn yòò. Ariwo sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ń fò mọ́ra wọn, Dókítà Lámídì ti ń fọ ọwọ́, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Alàgbà yíjú sí Ìbídùnní.

"Fọlárìn, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kú. Ẹsẹ̀ tó pè légbò nígbà náà, ẹ̀rọ wo ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀rọ yìí náà ni, sà."

"Irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n àwa la tì í wọnú irọ́. Lọ pè é wá fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi ṣílẹ̀kùn Ilé Àmì lọ́la."

Ìbídùnní kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Wọ́n fún Ìyá Tàwà lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ ẹnu. Bí okùn ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń rìn nínú iṣan, tó ń pa á dé, bẹ́ẹ̀ ló ń ní, "Dókítà, ẹ rọra o, ẹsẹ̀ oge ni." Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wé ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kó dìde kó rìn, nítorí ìrìn ni oògùn rẹ̀. Ó rìn. Ìbídùnní ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dì í mú.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn jáde. Níwájú yàrá òdiwọ̀n, àwọn èèyàn ti tò lọ dé ìta, àwọn tí wọ́n ti pè ní oge rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ orí ẹ̀rọ, á sì rẹ́rìn-ín, á wá lọ dúró ṣánṣán. Onígbàjámọ̀ náà wà láàárín wọn. Nígbà tó rí Ìbídùnní, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i.

"Ẹ dúró!" gbogbo èèyàn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi ẹ̀rín bọnu.

Ìyá Tàwà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà kọjá.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ohùn àgbà náà wí látinú yàrá.

Ìyá Tàwà dúró. Ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo òkè níbi tí ohùn náà ti ń bọ̀. Kò bínú mọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá rí ọmọ tó gbé bàtà bàbá rẹ̀ wọ̀.

"Ta ni ọmọ rẹ?" ó bèèrè. "Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà?"

Ẹ̀rọ náà kò húkọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó dàbọ̀ o, mà," ó wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wàá dàgbà, ọmọ mi," ni Ìyá Tàwà wí, ó yíjú sọ́nà ilé, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì ṣáájú.